Kábíyèsí Télọ̀ àti Ohun Tí Mo Fi Sínú Ẹ̀kọ Rẹ̀

Kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: èmi tí orúkọ mi ń jẹ́ Muslimah ni mo ń po nǹkan mọ́ oúnjẹ ọkọ mi. Mo lọ̀ ọ́ kúná, mo pò ó mọ́ ẹ̀kọ, mo da mílíìkì lé e lórí, mo sì kúnlẹ̀ gbé e fún un bí ìyàwó rere. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó ní sùúrù ná. Dókítà kan ti gbọ́ ọ kó tó kàn yín, òun kò bú mi.

Àkíbù ni orúkọ ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọdún 1999 ló dé Port Harcourt pẹ̀lú àpò kan àti orí maṣíìnì kan. Ó ní ọdún kan péré lòun máa lò. Ọdún kan náà ló ṣì ń lò títí di ìsinsìnyí. Agbádá ló mọ̀ ọ́n rán nígbà tó dé, ta ló sì ń wá agbádá ní àdúgbò Mile 3 tó gbé sí? Ó rí i pé étíbò ni àwọn ọkùnrin ibí ń wọ̀, ẹ̀wù gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, tí wọ́n ń fi bọ́tìnì oníṣéènì sí láyà. Ó ra ọ̀kan, ó tú u palẹ̀, ó tún un rán. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn Kalabari tó ni aṣọ náà fúnra wọn ti ń wá rán étíbò lọ́dọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí àlejò tó wọ ilé wa tí kò tíì gbọ́ ìtàn yẹn.

Àwọn télọ̀ Yorùbá tó wà ládùúgbò wa ní ẹgbẹ́, wọ́n sì fi í ṣe alága. Lọ́jọ́ ìpàdé kan, ẹnì kan fi ṣẹ̀fẹ̀ pè é ní Kábíyèsí. Àkíbù dáhùn, ó sì ti tán nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni ogún ọkùnrin onírùngbọ̀n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí òun náà sì ń dá ẹjọ́ ẹni tó gba oníbàárà mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi tí mò ń ta aṣọ òkìríkà ọmọdé ní ọjà, mo di olorì. Ìrìn mi yí padà díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín.

Wárápá ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Kò fi pamọ́ fún mi. Kó tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi ló ti sọ ọ́. Mo ní mo gbọ́, ṣé ó tún ní òmíràn? Ó ní ó ku ìgbéraga. Mo ní ìyẹn gan-an ni n kò mọ̀ bóyá mo lè fara dà. Oògùn oníhóró kan wà tó ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́, bó bá sì ti ń lò ó, ọdún lè yí po kó má ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oṣù mọ́kànlá la fi ń gbádùn ara wa. Oṣù kan tó kù ló ní wàhálà.

Bí oṣù ààwẹ̀ bá ti wọlé, Àkíbù á gbé oògùn tì, á ní ààwẹ̀ ni oògùn òun. Mo bi í pé àfáà wo ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ló sọ ọ́. Bó bá wá ku ọjọ́ mẹ́wàá, á fi ìrun òru kún un, kò ní sùn rárá, nítorí wọn kì í bá Kábíyèsí lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àwọn ará ìlú ń kírun. Lọ́dún 2016 ló kọ́kọ́ burú: bí ààwẹ̀ ṣe ń parí lọ, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan. Ó dìde, ó wẹ̀, ó lọ kírun yídì, ó bá gbogbo ènìyàn ṣeré. Ọjọ́ kẹta ọdún ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ kí ìsọkúsọ náà tó lọ. Lọ́dún 2017, bákan náà.

Àwọn ènìyàn wa kò tiẹ̀ bi wá léèrè, wọ́n ti mọ ohun tó fà á. Ṣebí wọ́n máa ń de gbogbo èṣù mọ́lẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀, bí ọdún bá sì dé, wọ́n á tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe tú wọn, Mile 3 ni wọ́n gbà kọjá, ilé Kábíyèsí ni wọ́n sì kọ́kọ́ yà sí. Halimah tó ń gbé lókè wa ní ebi ló ń pa wọ́n, oṣù kan kì í ṣe kékeré. Mo bá a rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó di 2018, mo ní irọ́ ni, èyí ò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀ ni mo ti ń lọ oògùn rẹ̀ sínú ẹ̀kọ sààrì. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi mu ún, ó tún ń dúpẹ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó mu díẹ̀, ó dúró. Ó wo ife, ó wò mí.

Ó ní, "Ìyá Mutmainah, kí lo fi sínú ẹ̀kọ yìí?"

Mo ní, "Ọlọ́run gbọ́, mílíìkì ni."

Láti ọjọ́ náà, omi lásán ló fi ń ṣe sààrì. Nígbà tí ààwẹ̀ di méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọdún bọ́ sí. Ara rẹ̀ yá gágá, ó wọ étíbò funfun lọ sí yídì, àwọn télọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀. Ọjọ́ Àlàádì ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo bá a tó ń yí ojú àwọn ọmọlangidi sí ògiri. Méjì la ní, tí a máa ń wọ aṣọ fún kí oníbàárà lè rí i. Ó ní ìjọba ló rán wọn wá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí ènìyàn bá yán nítorí oorun. Ẹni tó bá yán tó ogójì, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láyé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ̀yin náà má yán, ẹ ó rí i bí ẹnu á ṣe máa yún yín. Mo yán ní ìgbà mẹ́tàdínlógún láàárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni Àkíbù sì ń kà á fún mi. Mutmainah, ọmọ wa kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń fi ìwé bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Papa, abeg, na who send you?" Ìgbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Àkíbù jáde sójú títì, ó wọ àárín àwọn tásì àti kèké, ó ń sọ fún àwọn awakọ̀ kí wọ́n pa ẹnu dé. Ó ku díẹ̀ kí tásì kan gbá a. Àwọn ènìyàn ló gbé e wálé.

Àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Faruk, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Alhaji fi ọdún mẹ́wàá ju Àkíbù lọ, òun ló tọ́ ọ. Ó pè mí, ó ní, "Ìyàwó, Sátidé tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀, mo ń bọ̀ wá mú un lọ sí ilé àfáà kan níbí tó ń tọ́jú wèrè." Mo mọ ilé náà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n máa ń kó sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní bí dókítà bá lè sọ fún òun pé kì í ṣe wèrè, òun á fi í sílẹ̀ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà kékeré kan ló gbà wá, ó gé irun rẹ̀ dáadáa. Píjín lòun àti Àkíbù jọ ń sọ. Ó ní kí Àkíbù sọ irú ẹni tó jẹ́.

Àkíbù ní, "Dem dey call me Kabiyesi. Twenty men dey prostrate for me every Friday."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi í bóyá ó máa ń gbọ́ ohùn. Àkíbù ní gbogbo ààwẹ̀ pátá, kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn obìnrin kan máa ń pe òun láti òkè pé kí òun dìde. Halimah nìyẹn, tó máa ń jí wa fún sààrì láti ojú fèrèsé rẹ̀. Dókítà kọ ìyẹn náà. Ó wá bi í bóyá ẹnì kan ń lépa rẹ̀. Àkíbù na ìka sí mi.

"This woman dey put something for my food."

Dókítà yíjú sí mi. "Madam, na true?"

Ojú Àkíbù wà lára mi. Mo ti fi Ọlọ́run búra fún un. Mo ní, "Me? God forbid." Dókítà kọ ọ́, ó fa ìlà méjì sí i nídìí.

Ẹ bá mi wò ó. Ohun mẹ́ta ló kọ, òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ ọmọlangidi tí kì í ṣe òótọ́, Àkíbù kò mẹ́nu kàn án rárá, nítorí kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń yán, dókítà náà sì ti yán lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà, wọn ò bi mí, n kò sọ. Ó bèèrè oṣù tó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ní Júláì 2016, Júùnù 2017, Júùnù ọdún yìí. Ó ní òjò ló ń fà á. Ní Port Harcourt. Mo fẹ́ bi í pé oṣù wo ni òjò kì í rọ̀ níbí, ṣùgbọ́n ó ti ń kọ oògùn. Ó ní wèrè ni, títí ayé ni yóò máa lo oògùn rẹ̀. Ó gún un lábẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ náà pa ẹnu Àkíbù mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọlangidi, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àkíbù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ tó máa ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwò ó tẹ́lẹ̀ ti wá ń gbọ̀n. Mo jókòó tì í, inú ń bí mi sí dókítà yẹn, ó sì ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àtìní tó tẹ̀lé e, obìnrin Kalabari kan wá gba étíbò bàbá rẹ̀. Ihò bọ́tìnì mẹ́ta ló yẹ kó wà láyà ẹ̀wù náà. Mọ́kànlá ló bá níbẹ̀, ọ̀kan sì wà lápá. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò bú wa. Ó ka ihò náà tán, ó gbé ẹ̀wù sílẹ̀, ó wo ọwọ́ Àkíbù, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní, "Since when him hand don dey shake like this?" Ìgbà náà ló sọ fún mi pé òun ni Dókítà Tamunotonye, tó ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ó ní kí n gbé e wá ní Àlàmísì. Sátidé ni Alhaji ń bọ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, èmi, Àkíbù àti Mutmainah, ó gba ìwé dókítà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ka àwọn ohun mẹ́ta náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bi èmi, kò bi Àkíbù. Ó ní ẹni tó mọ inú ilé ló yẹ kó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ kí òun tó pe ohunkóhun ní àìsàn.

Ṣé wọ́n ń pè é ní ọba? Mutmainah fi fídíò hàn án lórí fóònù, àwọn télọ̀ nílẹ̀ gbalaja. Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gé ètè jẹ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ohùn tó ń pè é láti òkè ńkọ́? Mo pe Halimah lórí fóònù, mo ní kó pe Kábíyèsí bó ṣe máa ń pè é. Halimah kò bèèrè ìdí, ó figbe ta. Àwọn aláìsàn tó wà níta dìde dúró.

"And the food?"

Àkíbù ń wò mí, Mutmainah ń wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ ọkọ mi nínú sálúbàtà, mo rò ó pé ọ̀tunla ni Sátidé, wọ́n á kó irin sí i.

Mo ní, "Na me. I dey grind him own medicine put."

Àkíbù bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó ń wo gbogbo yàrá bí ẹni tó borí ẹjọ́, ó ń ní, "I talk am. I no talk am?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "O fi Ọlọ́run búra fún mi, Ìyá Mutmainah." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi búra. Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀.

Dókítà ní ó yá, kí ni òun kò tíì gbọ́? Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọlangidi fún un. Ìyẹn ló gbé bírò rẹ̀ fún. Ó ní òun kò fẹ́ mọ oṣù, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tó ṣubú ló bẹ̀rẹ̀? A kà á. Lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣubú ṣubú nígbà tí ààwẹ̀ ń parí, orí rẹ̀ pé fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ìsọkúsọ bẹ̀rẹ̀, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi lọ. Ṣé ó tíì bẹ̀rẹ̀ rí láìjẹ́ pé ó ṣubú? Rárá. Ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń lo oògùn nínú ààwẹ̀? Mo sọ gbogbo rẹ̀, Àkíbù ń wo àjà.

Bí mo ṣe lè fi èdè wa sọ ohun tí dókítà wí nìyí. Ó ní kì í ṣe wèrè tó ń bá a gbé. Ohun tó ń tẹ̀yìn wárápá wá ni. Bí ènìyàn bá ṣubú léraléra, orí rẹ̀ lè kọ́kọ́ pé, tí gbogbo ilé á máa dúpẹ́ pé ó ti tán, ìgbà náà ni èyí á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé. Ọjọ́ tó dákẹ́ láàárín yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó pọ̀ mọ́ ìṣubú. Ó ní bí a bá dá ìṣubú dúró, èyí tó ń tẹ̀lé e kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá dé láìṣubú lọ́jọ́ kan, kí n tètè gbé e wá, ìyẹn nǹkan mìíràn. Ó ní òun á máa dín oògùn dókítà àkọ́kọ́ kù díẹ̀díẹ̀, kí a má dá a dúró fúnra wa. Kó máa lo oògùn wárápá, kó máa sùn. Kò sì gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́.

Àkíbù dìde. Ó ní kí ogún ènìyàn máa dọ̀bálẹ̀ fún ọba tó ń jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀? Ó ní bó bá jẹ́ ìyẹn ni, kí Alhaji kúkú wá mú òun lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ láti ilé ìwòsàn dé Mile 3, kò gbà. Oúnjẹ mi ńkọ́? Búrẹ́dì ló ń rà jẹ.

Alhaji Faruk dé ní Sátidé pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó sanra, àti báàgì kan tó ń dún bí irin. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mutmainah ka lẹ́tà tí Dókítà Tamunotonye kọ fún un, ó ń fi Yorùbá rẹ̀ tó ń takìtì túmọ̀ rẹ̀. Alhaji ní kó tún un kà. Ó bi mí pé, "Lẹ́yìn ìṣubú ló ń wá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta."

"Ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì kì í pé. Kí Iléyá tó dé, ó ti lọ pátápátá."

Alhaji jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Àkíbù, bàbá wa náà máa ń ṣubú. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n, o kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tó kú. Lẹ́yìn ìtúnu ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dè é nílé àfáà, èmi ni wọ́n ń rán gbé oúnjẹ lọ fún un. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ojú rẹ̀ á ti mọ́, á máa bi mí nípa ilé-kéwú mi. Á ní, 'Faruk, ara mi ti yá, sọ fún wọn nílé kí wọ́n wá tú mi.' Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ààwẹ̀ mìíràn ń bọ̀, ta ni yóò tún máa sáré mú un. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Orí rẹ̀ pé lọ́jọ́ tó kú. Ó bá mi sọ̀rọ̀."

Àkíbù tẹ orí ba. Alhaji sunkún níṣojú àwọn ọkùnrin méjì náà, kò bojú. Nígbà tó ṣe, ó ní kí wọ́n gbé báàgì padà sínú mọ́tò.

Ó ní, "Wàá máa jẹun."

Àkíbù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nínú ààwẹ̀?"

"Nínú ààwẹ̀. Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn. Èmi á máa bọ́ tálákà lórúkọ rẹ."

A rò pé ó ti parí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀ 2019, ní aago kan ọ̀sán gééré, fóònù Àkíbù dún. Alhaji ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ṣé ó ti lo oògùn, ṣé ó ti jẹun. Àkíbù ní òun ti jẹ ẹ́, ìrẹsì sì ń bẹ níwájú rẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn án. Alhaji ní kó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Àkíbù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹnu lásán. Alhaji ní irú èyí kọ́, òun mọ ìró oúnjẹ. Láti ọdún náà títí di ìsinsìnyí, kò sí ọ̀sán ààwẹ̀ kan tí kò pè. Àkíbù kò tíì tún yí ojú ọmọlangidi kankan sí ògiri. Á jókòó sẹ́yìn maṣíìnì, á bù ú sẹ́nu, á máa jẹ ẹ́ sí etí fóònù, èmi náà á sì máa gbọ́ ohùn Alhaji tí ààwẹ̀ ti gbẹ ẹ́ lọ́fun.

"Gbé e mì kí n gbọ́. Ó dáa. Tún bù ú."